Handel, Ẹni Tó Kọ Halelúyà Tí Wọ́n Fi Kọ́ Wa Nílé-ìwé

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìpàdé wa yìí ní kí n mú nǹkan wá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti kọ tiwọn, bí ẹ bá sì ṣírò gbogbo góòlù tí wọ́n ní àwọn jẹ, ẹ óò rí i pé kò sí ilé-ìwé kankan tó lè wá bá wa ṣeré tí yóò padà sílé láàyè. Nítorí náà, orin ni mo wá sọ.

Ṣé ẹ ṣì rántí ìsìn Kérésìmesì tí a máa ń ṣe kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀ fún ìsinmi? Ẹ rántí dùùrù alátẹ̀mọ́lẹ̀ wa, tó máa ń mí hẹlẹ bí ewúrẹ́ tó sáré? Ẹ rántí pátákó dúdú tí ọ̀gá akọrin wa máa ń kọ d, r, m sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, tírẹ́bù lókè, báàsì nísàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nù ún títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, ìbáà ṣe tíṣà ìṣirò? Lẹ́yìn ìdánrawò bí oṣù méjì, a ó wá kọ Halelúyà ti Handel. Gbogbo ilé á dìde. Bó bá kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ohùn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́kẹ́ á pa, kí Halelúyà ìkẹyìn tó wọlé. Ní ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, ọmọ báàsì kan tí n kò ní dárúkọ gbàgbé pé à ń dákẹ́. Òun nìkan ló ké Halelúyà sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, níwájú àlejò pàtàkì àti gbogbo òbí. Láti ọjọ́ náà lọ, Halelúyà ni à ń pè é, àwọn kan nínú wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Wàyí o, ìgbìmọ̀ ti ń dá a lábàá pé kí àwa àgbàlagbà wọ̀nyí tún orin náà kọ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwọn kan ní rárá. Wọ́n ní a ò tó nǹkan, ohùn ti há, kò sí ọmọdé tí yóò kọ tírẹ́bù, yẹ̀yẹ́ lásán ni yóò dà. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n lọ ka ìtàn ọkùnrin tó kọ orin náà, kí n lè mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sí i. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí a ti rò. Ọmọ Jámánì ni. Ìlú Halle ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1685, Georg Friedrich Händel sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà, irú èyí tó ń fá irun tó tún ń ṣiṣẹ́ abẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ààfin ń ránṣẹ́ pè é. Ó fẹ́ kí ọmọ òun di lọ́yà. Ẹ̀yin náà mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀, mélòó nínú wa ni kò ní ọ̀kan nílé? Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìtàn ayé Handel, ní 1760, sọ pé ọmọ náà máa ń yọ́ gun àjà ilé lóru láti tẹ dùùrù kékeré kan tí ohùn rẹ̀ kò lè jí ẹnikẹ́ni, àti pé ọmọ ọba kan tó gbọ́ bó ti ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló bá a bẹ bàbá. Bó ti wù kó jẹ́, bàbá gbà, wọ́n fi í sọ́dọ̀ Zachow, olùtẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú wọn, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Bàbá kú ní 1697, nígbà tí ọmọ kò tíì pé 12. Ó ṣì forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì Halle ní 1702, ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti gba Hamburg lọ, ó ń ta gòjé òyìnbó, violin, fún àwọn eléré.

N kò ní pẹ́ lórí ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó gbé ọ́pẹ́rà tirẹ̀ jáde ní Hamburg ní 1705, ó lọ sí Ítálì ní 1706, ó lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí 1710, nígbà tó sì fi máa di 1711 ọ́pẹ́rà rẹ̀ tí a ń pè ní Rinaldo ti gba ìlú náà kan. Lọ́ńdọ̀nù ló kù sí. Ní 1727 wọ́n ṣòfin tó sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀, ní ọdún yẹn kan náà ló kọ orin fún ìwúyè Ọba George Kejì, ọ̀kan nínú àwọn orin náà, Zadok the Priest, sì ni wọ́n ti ń kọ níbi ìwúyè gbogbo ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà títí dé ti Charles ní 2023.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá mọ ohun tí ọ́pẹ́rà jẹ́, eré orí ìtàgé ni, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí àwọn eré tí Hubert Ogunde fi bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní 1944. Ti Handel, èdè Ítálì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbọ́ Ítálì. Ó kọ ó lé ní 40. Owó wọlé, owó jáde. Àwọn olórin tó ń kó wá láti Ítálì ń gba owó tó lè ra ilé. Ní 1728 àwọn kan gbé eré olórin kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí orin inú rẹ̀ jẹ́ orin ìgboro, gbogbo ayé sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ní 1733 àwọn ọlọ́lá dá ẹgbẹ́ eléré mìíràn sílẹ̀ láti bá a díje. Ìlú kan kò lè bọ́ ẹgbẹ́ méjì. Nígbà tó di 1737, ẹ̀gbà kọ lu Handel, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé. Ọwọ́ ọ̀tún, fún ẹni tó ń tẹ dùùrù! Ó lọ sí ibi omi gbígbóná kan ní Jámánì, ó wẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ sì yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà ọ́pẹ́rà ti tú. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1741, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ṣe é. Ẹni ọdún 56 ni, kò láya, kò lọ́mọ.

Níbí yìí ni Messiah ti wọlé. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Charles Jennens, ọlọ́rọ̀ ni, ó sì mọ Bíbélì dunjú. Ó ṣa ẹsẹ Bíbélì jọ láti inú àwọn wòlíì, Sáàmù, Ìhìn Rere, ìwé Pọ́ọ̀lù àti Ìfihàn, ó tò wọ́n bí ìtàn láti ìlérí ìbí Jésù dé ìṣẹ́gun rẹ̀ lórí ikú, ó sì gbé e fún Handel. Kò sí eléré kankan nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣe Jésù tàbí Júdásì. Ọ̀rọ̀ lásán ni pẹ̀lú orin. Handel bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1741, ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ 24 péré. Wọ́n máa ń sọ èyí fún wa lórí pẹpẹ bíi pé áńgẹ́lì ló ń mú ọwọ́ rẹ̀ kọ̀wé. N kò bá áńgẹ́lì jà, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Kò sinmi tó oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ Samson, iṣẹ́ ńlá mìíràn. Ó tún mọ ọgbọ́n kan: bí orin tirẹ̀ àtijọ́ bá dára, á tún un lò. Ẹ̀yin pásítọ̀ tó wà láàárín wa, ẹ má bínú o. Orin alákọpọ̀ tí a máa ń kọ lórí ìbí ọmọ náà, èyí tí tírẹ́bù máa ń sáré nínú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí aago ti lù fún, orin ìfẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Fún ohùn méjì ló kọ ọ́ ní èdè Ítálì ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ẹni tó ń bá Ìfẹ́ jà sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Áyálándì ti ránṣẹ́ pè é kó wá ṣeré ní Dublin. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1741, Messiah sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó ṣe àwọn orin mìíràn fún wọn ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1742, lọ́sàn-án gangan, wọ́n kọ Messiah fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé nínú gbọ̀ngàn orin kan ní òpópónà Fishamble. Èrò ti pọ̀ jù fún ilé náà. Ìwé ìròyìn ti bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má wọ irin róbótó tí wọ́n fi ń na ìró nígbà náà, wọ́n sì bẹ àwọn ọkùnrin kí wọ́n fi idà sílé, kí àyè lè gba ènìyàn sí i. Nǹkan bí 700 ló wọlé.

Ta ló kọrin? Àwọn akọrin kàtídírà méjì tó wà ní Dublin ni, ọmọdékùnrin àti àgbàlagbà, gbogbo wọn kò sì lè ju 32 lọ. Díẹ̀ ló kù kí ìyẹn gan-an má ṣeé ṣe, nítorí Jonathan Swift, tí a ka ìwé Gulliver rẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kejì, ni olórí àlùfáà ní ọ̀kan nínú àwọn kàtídírà náà, ó sì ti kọ́kọ́ fòfin de àwọn akọrin rẹ̀. Arúgbó ni, orí rẹ̀ ti ń dàrú. Níkẹyìn wọ́n gba àyè. Àwọn adákọrin pẹ̀lú ń bá wọn kọ èyí tó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Obìnrin kan wà lára wọn, Susannah Cibber, eléré orí ìtàgé. Ní 1738, ọkọ rẹ̀ ti gbé ọkùnrin mìíràn lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ àgbèrè pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí ilé wọn sì di ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ohùn rẹ̀ kò tóbi. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ apá tó dá lórí Ẹni tí a kẹ́gàn tí a sì kọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àlùfáà kan dìde nínú èrò, ó sì ké sí i pé a ti tìtorí èyí dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn máa wò ó lójú burúkú. Handel ló yàn án.

Kò sí kọ́bọ̀ tó wọ àpò Handel nínú owó ọjọ́ náà. Wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta: ilé ìwòsàn méjì, àti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, bí o bá jẹ gbèsè tí o kò rí i san, ẹ̀wọ̀n ni, o ó sì wà níbẹ̀ títí ará ilé yóò fi rí owó san. Àwa ní ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kúkú lè máa sin ẹni tó yá a lówó, kó máa wo ojú ọ̀run. Ẹlẹ́wọ̀n 142 ló jáde sílé nítorí orin ọ̀sán kan. Èmi ti kọ Halelúyà bí ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé orin ìdásílẹ̀ àwọn onígbèsè ni.

Ó gbé e padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́kọ́ bọ́ sínú ìjàngbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ ní ilé eré Covent Garden ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1743. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn kan ti ń bínú nínú ìwé ìròyìn: ṣé ilé eré ló yẹ ká ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, lẹ́nu àwọn eléré? Handel mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Nínú ìpolówó rẹ̀, kò dárúkọ Messiah rárá, oratórìò mímọ́ tuntun ló kàn pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é lọ́dún náà. Jennens pẹ̀lú ń kùn pé ọkùnrin yìí kánjú bá ọ̀rọ̀ òun jẹ́. Fún ọdún méje, orin náà kàn wà bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ aláìníbaba ló gbé e dìde. Foundling Hospital ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé tí ọ̀gákọ̀ kan, Thomas Coram, gba àṣẹ rẹ̀ ní 1739 fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé jù sí òpópónà Lọ́ńdọ̀nù. Handel fún ṣọ́ọ̀ṣì ilé náà ní dùùrù ńlá, ó sì kọ Messiah níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1750. Èrò tó wá pọ̀ débi pé wọ́n dá ọ̀pọ̀ padà, ó sì di dandan kí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 15. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni. Àwọn tó ń jà pé a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ nílé eré wá gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, fún àwọn ọmọ, ẹnu wọn sì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ìwé ìṣirò owó ilé náà fún 1754 kò sọnù. Wọ́n kọ gbogbo ẹni tí wọ́n sanwó fún. Gbogbo àwọn tó lo ohun èlò kò pé 40. Àwọn akọrin? Ènìyàn 19. Ọmọdékùnrin 6, ìyókù jẹ́ ọkùnrin, àwọn adákọrin márùn-ún sì ń kún wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń sọ pé a ò tó, ṣé ẹ gbọ́? Ènìyàn 19, lójú Handel fúnra rẹ̀!

Nǹkan mìíràn tún wà. Kò sí ọdún kan tó kọ ọ́ bákan náà. Ní Dublin, ibi tí olórin rẹ̀ kò bá ti lágbára tó, á gé e kúrú tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn ń fi ohùn pè. Ní 1750 ó rí ìwẹ̀fà ará Ítálì kan, Guadagni, tí ohùn rẹ̀ dà bí iná, kíá ló tún orin kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Orin tí báàsì kọ lọ́dún yìí, obìnrin lè kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ ló ń dán aṣọ náà fún. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé bí Handel ṣe fẹ́ ẹ nìyí, ẹ bi í pé ti ọdún wo.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nira. Ó fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀, débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayàwòrán kan yà á bí ẹlẹ́dẹ̀ tó jókòó ti dùùrù, ọ̀rẹ́ wọn sì tú ká. Ní 1751 ojú òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò yanjú. Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ kan ojú náà, Taylor, ti ṣe ti Bach ní 1750, Bach sì fọ́jú kó tó kú. Ọdún kan náà ni wọ́n bí Bach àti Handel, ní ilẹ̀ kan náà, wọn kò pàdé rí, oníṣègùn ojú yìí ló so wọ́n pọ̀. Handel fọ́jú pátápátá, síbẹ̀ wọ́n ń fà á lọ́wọ́ dé ìdí dùùrù, á sì máa tẹ ohun tó wá sí i lọ́kàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1759 ó wà níbi tí wọ́n ti kọ Messiah ní Covent Garden. Ó lọ dùbúlẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 14, ní Sátidé tó wà láàárín Ọjọ́ Ẹtì Rere àti Àjíǹde, ẹni ọdún 74. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Westminster Abbey. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ẹ̀dà Messiah kan sílẹ̀ fún ilé àwọn ọmọ náà, ó sì fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn olórin tó ti di aláìní lọ́wọ́.

Ó ní owó, ẹ ò rí i. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn tó ń yẹ ìwé ìdókòwò àtijọ́ wò rí orúkọ Handel ní nǹkan bí 1720 láàárín àwọn tó ní ìpín nínú Royal African Company. Ẹrú ni ilé iṣẹ́ yẹn ń tà. Odi wọn wà ní etí òkun wa níhìn-ín, títí dé Ouidah ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ó ní ìpín nínú South Sea Company pẹ̀lú, àwọn yẹn náà ń kó ẹrú. Ẹni tí orin rẹ̀ tú onígbèsè 142 sílẹ̀! Mo gbé ìwé náà jù sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é nígbà náà, mo mọ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di rere. Ohun tí mo wá rò ni pé bí a ó bá kọ orin náà, kí a mọ̀ ọ́n, kí a má fi áńgẹ́lì bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní 1784 wọ́n ṣèrántí rẹ̀ ní Westminster Abbey, níwájú ọba, akọrin àti onílù onífèrè lé ní 500. Mozart tún un tò ní Vienna ní 1789, ní èdè Jámánì, ó fi clarinet àti àwọn fèrè mìíràn kún un, nítorí àwọn tó lè fun kàkàkí bí ti ayé Handel ti tán. Ní 1857, nínú ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n ń pè ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, akọrin 2,000 ló kọ ọ́, pẹ̀lú ohun èlò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Ẹ fojú inú wo ìdákẹ́jẹ́ yẹn láàárín 2,000 ènìyàn! Bernard Shaw, ọmọ Dublin, bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1891 pé kí ẹnìkan jọ̀wọ́ wá 20 akọrin tó mọṣẹ́. Wọn ò dá a lóhùn nígbà náà. Ní 1959, Beecham ṣì ń gbé e sínú àwo pẹ̀lú aro tó ń dún gbàhàgbàhà. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan wá padà sí ìwé ìṣirò owó 1754, nígbà tó sì di 1980 Hogwood gbé àwo kan jáde pẹ̀lú àwọn ọmọdékùnrin àti ohun èlò irú ti ayé Handel. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, ó fúyẹ́, ó ń sáré, bí ẹni pé wọ́n bọ́ agbádá mẹ́ta kúrò lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1992, àwọn olórin adúláwọ̀ kọ tiwọn pẹ̀lú ìlù àti ìpàtẹ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyẹn náà wọ̀ ọ́.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni. Láti 1846, Novello ń tẹ ẹ́ ní owó táṣẹ́rẹ́, kí ẹgbẹ́ akọrin abúlé lè rí i rà. Àti d, r, m. Tíṣà obìnrin kan ní Norwich, Sarah Glover, ló gbìn ín, John Curwen sì tàn án ká. Ẹni tí kò rí owó dùùrù lè kọ́ orin ohùn mẹ́rin lórí pátákó. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé Èkó àti Abẹ́òkúta, òun ló sì dé pátákó dúdú wa. Ti Kérésìmesì pẹ̀lú jẹ́ àtẹ̀yìnwá. Sáà Àwẹ̀ àti Àjíǹde ni Handel máa ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní Boston, ní ọjọ́ Kérésìmesì 1818, ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ti di ti Kérésìmesì níbi púpọ̀.

Ìdí wà tí a kò fi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nílé-ìwé. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, kọ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ó mọ àrùn náà dáadáa: ohùn orin òyìnbó á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀kalẹ̀, igbá á di ìgbà, ọkọ́ á di ọkọ̀, àwọn ará ìjọ á sì máa kọ ohun tí kò nítumọ̀ pẹ̀lú ìfọkànsìn. Ṣùgbọ́n Halelúyà kò ní ìṣòro yẹn. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọdọọdún, ó máa ń bá wa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ìyókù á sì fi orí jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e.

Ti ìdìde ńkọ́? Àwọn púrífẹ́ẹ̀tì máa ń fipá gbé wa dìde, wọ́n ní Ọba George dìde nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní 1743. Lẹ́tà kan tí wọ́n kọ ní 1780, ọdún 37 lẹ́yìn náà, ni ìtàn yẹn ti kọ́kọ́ jáde. Kò sí ẹni tó rí ọba níbẹ̀ tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó jókòó, púrífẹ́ẹ̀tì kankan kò ní gbá a létí mọ́.

Orúkọ tó ti wọlé sọ́dọ̀ mi jẹ́ 23, báàsì ló pọ̀ jù, nítorí àwọn tírẹ́bù fọ́ọ̀mù kìíní ìgbà náà ti di báàsì báyìí. Àwọn ìyàwó wa yóò kọ tírẹ́bù àti áltò. Tẹ́nọ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jáde. Ìdánrawò máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn wa àtijọ́. Igbá owó kan yóò wà lẹ́nu ọ̀nà fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí san. Ẹni tó bá ṣì ní ìwé d, r, m rẹ̀ kó mú un wá. Ọ̀rẹ́ wa Halelúyà ti kọ̀wé láti ibi tó wà, ó ní òun ń bọ̀, báàsì lòun ó kọ. A ó fi í sí ìlà iwájú, kí olùdarí lè rí ẹnu rẹ̀.